Ìròyìn Irọ́ Tí Mo Kọ Nípa Ilé Ìtura

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹlẹ́wọ̀n ni mo jẹ́. Adájọ́ ti rán mi lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún ní ìpínlẹ̀ Georgia, mo sì ti lo méjì nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fún mi, n kò ní padà sí Decatur tí mo ti fi ṣe ilé. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọn yóò fi mí sí, wọn yóò dá mi padà sí Nàìjíríà, n kò sì ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́ láyé mi. Ẹni méjì ló kú nítorí ohun tí mo fi ọwọ́ mi kọ. Obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí mo fi ẹnu mi sọ. N kò ní sọ orúkọ mi, nítorí ìyá mi ṣì wà láàyè ní Òṣogbo, orúkọ kan náà ni àwọn aládùúgbò sì fi ń pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sunkún fún mi. Ìṣẹ́gun wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìṣẹ́gun tí ó tóbi ju ẹ̀wọ̀n mi lọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì onírin yìí, orí mi ń wú.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wọ Atlanta. Ìṣàkóso ilé ìwòsàn ni mo kọ́, nígbà tí mo sì parí, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé ìwòsàn kan ní Decatur, níbi tí mo ti ń ṣètò ọjọ́ tí àwọn aláìsàn yóò rí dókítà. N kò ní ẹbí kankan nílùú náà. Àwọn ará ìjọ wa ni mo fi ṣe ẹbí, láàárín wọn ni mo sì ti mọ Mummy Fálọlá.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Mummy, ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nígbà náà. Àwọn àti ọkọ wọn ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lithonia, tí ó ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sí ilé àwọn arúgbó. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n tà á, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà sínú àpò ìtọrẹ àánú.

Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń lọ jẹun nílé wọn. Ibi tábìlì ìjẹun yẹn ni wọ́n ti ṣàlàyé àpò náà fún mi. Wọ́n ní àjọ kan wà tó máa ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́. Tí èèyàn bá ti kó o fún wọn, kò tún lè gbà á padà. Ó ti di ti àánú títí láé. Ohun tó kù sí ẹni tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ni pé kó máa dá wọn nímọ̀ràn, pé kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ aláàánú yìí, kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyẹn. Àjọ náà yóò wò ó bóyá ìjọba mọ ẹgbẹ́ náà, tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, owó yóò lọ.

Mummy ní, “Ìwé ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọn kì í yẹ ìkòkò ọbẹ̀ wò, wọn kì í yẹ ilé ìwẹ̀ wò. Èyí tó kù yẹn, èmi ni mo ni ín.”

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ kiri lọ wo àwọn ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, tí wọn kò lè wakọ̀ mọ́, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa bá wọn lọ wò ó. Kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀. Wọ́n kàn ní àwọn gbà pé olóòótọ́ ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ.

Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa wò ó. Kí n má máa sọ ọjọ́ tí mo ń bọ̀. Tí wọ́n bá ń se oúnjẹ fún àwọn èèyàn, kí n jókòó kí n jẹ nínú rẹ̀. Kí n wá ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù níbẹ̀, kí n bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Kí n fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Kí n ṣí omi. Lẹ́yìn náà kí n kọ ohun tí mo rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún mi.

Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò wà ní Decatur, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Mo bá bàbá kan níbẹ̀ tó ń ka orúkọ oògùn ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá yíjú sí mi láti mọ̀ bóyá mo gbọ́. Nígbà tí mo ka ìròyìn náà fún Mummy, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi ní Òṣogbo, mo ní iṣẹ́ gidi ni mo ń ṣe ní Amẹ́ríkà.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é fún bí ọdún kan. Ìgbà tó yá ni Saturday kan dé.

Ẹgbẹ́ kan tó ń pín oúnjẹ ní Lithonia ni ó yẹ kí n lọ wò. Mo ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà léraléra, òjò sì ń rọ̀, òpópónà I-20 tó lọ síbẹ̀ sì ti dí. Mo jókòó sórí àga, mo wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo sì ṣí ìkànnì ẹgbẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀. Mo kọ ìròyìn gígùn kan bí ẹni pé mo dé ibẹ̀. Mo kọ ọ́ pé òórùn ọ̀dùnkún tuntun kún ilé náà. Mo kọ ọ́ pé ìyá àgbà kan sọ fún mi pé ẹgbẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ebi pa òun. Kò sí ìyá àgbà kankan. Èmi ni mo bí i.

Ní Sunday, mo kà á fún Mummy, omi lé sí wọn lójú nítorí ìyá àgbà náà. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi.”

Ohun tó bà mí jẹ́ ni pé kò sí aburú kankan tó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dára lóòótọ́. Owó dé ọwọ́ wọn, wọ́n fi ra oúnjẹ, àwọn èèyàn sì jẹ ẹ́. Mo wá sọ fún ara mi pé kí ni mo tiẹ̀ ń wa ọkọ̀ kiri fún? Nígbà tí ọdún máa fi parí, mo ti kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ márùn-ún.

Ọkùnrin kan wà ní Jonesboro tí gbogbo wa ń pè ní Uncle Bánjọ. Kì í ṣe ará ìjọ wa, ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí ìpàdé àwọn Yorùbá, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àwọn èèyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní ilé iṣẹ́ kan, ó sì ní ẹgbẹ́ aláàánú kan tó pè ní Ilé Ìtura. Àwọn tí ilé ìwòsàn bá dá sílẹ̀, tí wọn kò ní ilé tí wọn yóò ti gbádùn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé títí ara wọn yóò fi le. Iṣẹ́ rere ni. Ó kọ̀wé sí Mummy fún ìrànwọ́, Mummy sì rán mi lọ.

Mo lọ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, torí irú ilé bẹ́ẹ̀ wù mí láti rí. Ilé náà mọ́. Àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo bá Mr. Curtis sọ̀rọ̀, awakọ̀ tírélà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí àtọ̀gbẹ. Mo bá Ms. Yvonne náà sọ̀rọ̀, ẹni tó ti se oúnjẹ ní ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń retí kí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ jinná. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Yàrá ìfọṣọ ni mo ti rí Aunty Fúnmi, olùtọ́jú tó ń ṣe shift àárọ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tó dé láti Abẹ́òkúta wá bá ọkọ rẹ̀. Ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í léèrè ohun tó ń dùn ún níbi iṣẹ́ náà, bí Mummy ṣe kọ́ mi. Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn.

“Brother, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Hítà ilé yìí ò dáa. Tí wọ́n bá ti tàn án, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gbogbo wa. Mr. Curtis bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aláàmù tó yẹ kó sọ fún wa tí gáàsì bá ń jò wà lára ògiri, ó ń ké ṣáá. Uncle Bánjọ bá tú u kúrò.”

“Ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní tí mi ò bá fẹ́ iṣẹ́, kí n máa lọ. Ẹ̀yin lẹ wá wò ó, Brother. Ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó mú mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ibi tí aláàmù náà wà tẹ́lẹ̀ hàn mí. Ihò ìṣó mẹ́rin ló kù lára ògiri. Mo ṣèlérí fún un pé màá kọ ọ́, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé màá kọ ọ́ lóòótọ́.

Uncle Bánjọ sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó bi mí bóyá mo gbádùn ilé àwọn. Mo ní mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n pé mo ní láti mẹ́nu ba hítà nínú ìròyìn mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, “Ẹgbẹ́ tó ń pín oúnjẹ ní Lithonia, ṣé o dé ibẹ̀?”

“Mo dé ibẹ̀, sà.”

“Ọ̀rẹ́ mi ló ń darí rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò wá. Ó kàn rí owó ni, ó sì yà á lẹ́nu.”

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun kò ní sọ fún Mummy, gbogbo èèyàn ló máa ń rẹ̀. Ó wá bi mí léèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Mo sọ fún un pé ó ku oṣù mẹ́rin kó parí, àti pé ilé ìwòsàn kò ní bá mi ṣe òmíràn. Ohun tí mo ń rò tọ̀sán-tòru nìyẹn.

“Ilé iṣẹ́ mi lè gbà ọ́, ká ṣe ìwé ẹ láti ọ̀dọ̀ wa. Ìwọ ṣáà kọ ohun tó dáa nípa wa. Hítà ni màá kọ́kọ́ tún ṣe tí owó bá dé. Tí o bá wá sọ pé hítà ò dáa, tí wọn ò fún wa lówó, kí la máa fi tún un ṣe?”

Ẹ wò ó bí ó ṣe ṣe é. Ó fi ẹ̀rù sí ọwọ́ mi ọ̀tún, ó fi ìwé ìgbélùú sí ọwọ́ mi òsì, ó sì tún fún mi ní ọ̀rọ̀ tí màá fi tan ọkàn ara mi. Mo padà sílé, mo sì kọ ọ́ pé hítà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, aláàmù sì wà lára ògiri. Mummy bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ilé náà dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, mà.

Owó lọ. Uncle Bánjọ fi ra ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan, ó ya àwòrán ara rẹ̀ sára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé mi bó ṣe ṣèlérí. N kò padà lọ wo hítà.

Ní oṣù January, òtútù kan mú tí omi fi dì sójú ọ̀nà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, Aunty Fúnmi dé ibi iṣẹ́, ó kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn; kì í sí olùtọ́jú níbẹ̀ lóru. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé. Gáàsì olóró tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí, ti kún ilé náà láti ara hítà. Ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn èèyàn jáde sórí koríko, lọ́kọ̀ọ̀kan, òun nìkan. Ó wọ́ ẹni mẹ́ta jáde láàyè. Bó ṣe ń padà lọ fún ẹni kẹrin, ó ṣubú lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni àwọn panápaná ti bá a. Mr. Curtis àti Ms. Yvonne ti kú.

Ó yẹ kí wọ́n fi obìnrin náà jẹ oyè. Àmọ́ Uncle Bánjọ sọ fún ọlọ́pàá pé Aunty Fúnmi ló tú aláàmù kúrò nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́, àti pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pè mí lórí fóònù. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn ní, “Ohun tí o kọ sílẹ̀ ni kí o sọ.”

Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé ọ́fíìsì mi, ìròyìn mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fi ojú ara mi rí aláàmù náà lára ògiri. Mo ní mo rí i. Ó bi mí bóyá obìnrin náà sọ ohunkóhun fún mi nípa hítà. Mo ní rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú Aunty Fúnmi láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ sí àhámọ́ ní Jonesboro.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó burú jù. Mo lè sọ pé n kò mọ̀ pé hítà yóò pa èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, kò sí ohun kan tí n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń jẹun, mo ń kọrin nínú ìjọ. Ní Sunday kẹta, mo lọ sílé Mummy bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọn kò tíì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Wọ́n jókòó sí tábìlì, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí àjọ tó ń tọ́jú àpò ìtọrẹ wọn. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń kọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ohun tó kù fún àjọ ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì ti àpò náà pa. Àwọn kò ní yan ẹgbẹ́ kankan mọ́.

“Mo yàn, èèyàn méjì kú. Ọwọ́ mi ò mọ́ tó láti máa yàn.”

Mo wo obìnrin tí ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láti tọ́jú aláìsàn. Mo rántí bàbá tó ń ka orúkọ oògùn rẹ̀. Owó tó ń lọ síbẹ̀ yóò dúró. Mo rí i pé irọ́ mi kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní, “Mummy, ẹ má kọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni.”

Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti Lithonia títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo sọ ti ìyá àgbà tí kò sí. Wọn kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì gbé e lé orí lẹ́tà náà.

“Ọjọ́ mélòó ni obìnrin yẹn ti lò níbẹ̀?”

“Ọjọ́ mọ́kànlélógún, mà.”

“O sì ń jẹun?”

“Mo ń jẹun, mà.”

“Dìde nílẹ̀.”

Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi jáde ni. Wọ́n pe lọ́yà kan tí wọ́n mọ̀. Lọ́yà náà ní kí n má tíì lọ síbì kankan. Ó ní tí mo bá la ẹnu báyìí, ẹ̀wọ̀n ni, lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n wọ́n á dá mi padà sílé. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ láéláé. Mummy gbé fóònù náà fún mi, kí èmi fúnra mi lè gbọ́ ọ. Wọn kò sọ fún mi ohun tí màá ṣe. Mo tẹ́tí sí lọ́yà títí ó fi parí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní mo ń lọ nísinsìnyí, tó bá lè bá mi níbẹ̀, kó jọ̀ọ́.

Mummy mú ọ̀pá wọn, wọ́n wọ kóòtù òtútù wọn. Wọ́n ní àwọn ń bá mi lọ.

Oòrùn ọ̀sán ń ràn nígbà tí a wakọ̀ lọ sí Jonesboro. Mo retí kí ẹ̀rù bà mí, ó sì bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí n kò tíì mọ̀ rí, bí ẹni tó bọ́ bàtà tó ti há a lẹ́sẹ̀ fún ọdún kan. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà gbé ìwé síwájú mi, mo kọ ojú ewé mẹ́rin láìdúró. Gbogbo ohun tí mo kọ níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i, mo fi etí mi gbọ́ ọ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò rí ihò mẹ́rin. Mo ní ọ̀dọ̀ Uncle Bánjọ ni kí wọ́n ti wá aláàmù náà.

Wọ́n wá a. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n ti bá a.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú Aunty Fúnmi sílẹ̀. Inú àhámọ́ kan náà ni èmi wà nígbà náà, n kò rí i, ṣùgbọ́n Mummy sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn wà ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ gbé e sókè nílẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, àti pé àwọn mẹ́ta tó wọ́ jáde láàyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kan nínú wọn lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá bi mí léèrè ọjọ́ tí ayé mi dùn jù, ọjọ́ yẹn ni màá sọ, èmi tí mo wà lẹ́yìn irin.

Wọ́n dá Uncle Bánjọ lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì pọ̀ ju tèmi lọ. Èmi kò bá ìjọba jà. Mo ní mo jẹ̀bi gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí adájọ́ fẹ́ dá ẹjọ́ mi, ó fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn láyè láti sọ̀rọ̀. Àbúrò Mr. Curtis obìnrin dìde. Ó ní òun kò tíì lè dárí jì mí, bóyá òun kò sì ní lè ṣe é láé, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún òun pé obìnrin tó fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n òun là ló pa á, òun sì ti ń gégùn-ún fún un lójoojúmọ́. Ó ní mo gba ègún yẹn kúrò lẹ́nu òun.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aunty Fúnmi sọ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ògbufọ̀ máa túmọ̀ rẹ̀.

“Ọjọ́ méjìlélógún ni mo lò nínú àhámọ́. Ọmọkùnrin yìí ló fi mí síbẹ̀. Òun náà ló yọ mí, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lé e. Mi ò lè gbàgbé ìkíní. Mi ò sì ní fi ìkejì pa mọ́.”

Adájọ́ kéde ọdún méjìdínlógún. Ọwọ́ mi wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ kóòtù fún Aunty Fúnmi. Àwọn wọ́dà sáré sí mi, wọ́n rò pé mo dákú. Aunty Fúnmi gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, òun mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Mummy Fálọlá kò ti àpò náà pa. Mo kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ márùn-ún tí mo purọ́ pé mo lọ wò, mo fi ránṣẹ́ sí Mummy láti ẹ̀wọ̀n. Wọ́n rán èèyàn lọ sí gbogbo wọn. Mẹ́rin nínú wọn ń ṣiṣẹ́ gidi. Ìkarùn-ún, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa ni wọ́n bá, Mummy sì fi tó àjọ náà létí, kò sí owó tó tún lọ síbẹ̀. Èèyàn méjì ló ń lọ wò ó nísinsìnyí, kì í ṣe ẹnì kan mọ́, wọ́n sì máa ń padà lọ lẹ́yìn tí owó bá dé ibẹ̀. Aunty Fúnmi wà lára wọn.

Ilé Ìtura ti tì. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn ti ṣí ní Decatur fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ ló dá a sílẹ̀, àpò Mummy sì wà lára àwọn tó ń gbé e ró. Mummy kọ̀wé sí mi ní oṣù tó kọjá pé yàrá méjì níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Mr. Curtis àti Ms. Yvonne, àti pé ilé náà kò tíì sófo lọ́jọ́ kan. Mo ka lẹ́tà náà fún ẹni tí a jọ wà nínú yàrá. Ó bi mí pé kí ló kàn mí nínú ilé tí n kò ní fojú rí. Mo ní ó kàn mí gan-an.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ìwé ìgbélùú ń dà láàmú, ẹ̀yin tí àgbàlagbà kan fi ọkàn tán lónìí, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀rù tó ń bà yín, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò rí. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ dé ibi tí ẹ kò dé. Tí wọ́n bá ní kí ẹ yan ẹni tí wọn yóò ràn lọ́wọ́, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n kó lé yín lọ́wọ́, bó ti wù kó rí bí ìwé lásán tó. Tí ẹ bá sì ti purọ́, tó ṣì kéré, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ purọ́ fún lónìí. Ojú yóò tì yín fún wákàtí kan. Èmi tí mo dúró títí ó fi di òkú méjì, ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń san án, síbẹ̀ mo sọ fún yín pé ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ ni mo ṣẹ́gun, kò sì sí wọ́dà tó lè gba ìṣẹ́gun náà lọ́wọ́ mi.

Èmi ń sùn dáadáa nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin, ẹ máa sùn dáadáa nínú ilé yín.